Ìdíyelé bàálù méjì fún ìrìnàjò ìsinmi sí Banjul: èwo ló dínwó ní tòótọ́?

Ọmọ Ayángbúrẹn, Ìkòròdú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ bàálù.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mẹ́ta ní Ìkòròdú níbí fẹ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ sinmi ní Banjul, lórílẹ̀-èdè Gambia. Ìpín mẹ́rin ni wọn yóò pín sí, èèyàn 130 ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ méje méje. Sátidé tí ìpín kan bá ń bọ̀ wálé ni ìpín tó kàn yóò gbéra. Ilé-iṣẹ́ bàálù méjì ló ń du iṣẹ́ náà.

Èkíní ní òun yóò fún wa ní bàálù oníjókòó 150 lódindi, $45,000 fún àlọ-àbọ̀ kan. Èkejì kò ṣe ṣátà, ìyẹn kí èèyàn háyà odindi bàálù. Ó ní òun yóò ya ìjókòó 130 sọ́tọ̀ fún wa nínú bàálù òun tó ti ń ná ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀, $410 lórí ẹnì kan, àlọ àti àbọ̀.

Mo pín 45,000 sí ọ̀nà 150, ó jẹ́ $300. Àwọn alága ti ń sọ pé ká tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú èkíní. $110 lórí ẹnì kan kì í ṣe owó kékeré, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Kí ló wà nínú iye méjèèjì yìí tí kò hàn síta? Oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ lọ. Ẹnì kan tún dábàá pé ká gba Seme kọjá, ká lọ gbéra ní Cotonou, pé ìyẹn á tún dínwó sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ọ̀nà Òfúrufú, Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú làálàá o. Ó dára tí ẹ kò tíì tọwọ́ bọ̀wé, torí ìṣirò $300 yẹn kò pé.

Ẹ jẹ́ ká tọ bàálù náà lẹ́yìn. Sátidé kìíní, ó gbé ìpín kìíní lọ. Kò sí ẹnì kankan ní Banjul tó fẹ́ bọ̀ wálé, nítorí náà òfìfo ló máa padà. Sátidé kejì, ó gbé ìpín kejì lọ, ó kó ìpín kìíní bọ̀. Sátidé kẹta àti ìkẹrin bákan náà. Ìpín kẹrin ṣì wà lọ́hùn-ún. Bàálù gbọ́dọ̀ lọ kó wọn ní Sátidé karùn-ún, òfìfo ló sì máa lọ. Ìpín mẹ́rin, àlọ-àbọ̀ márùn-ún. Bí gbogbo ṣátà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ṣe rí nìyẹn níbi gbogbo: iye ìpín tí ẹ ní, ẹ fi ẹyọ kan lé e.

$45,000 lọ́nà márùn-ún jẹ́ $225,000. Ẹ má sì pín in sí iye ìjókòó, iye èèyàn tó máa sanwó ni kí ẹ pín in sí. Ìyẹn 520. Ó di $432 ó lé díẹ̀ lórí ẹnì kan. $410 ti kéré sí i báyìí. Kí odindi bàálù tó lè bá $410 dọ́gba, èèyàn 549 gbọ́dọ̀ sanwó, ó lé díẹ̀ ní 137 ní ìpín kọ̀ọ̀kan.

Ìnira òfìfo yìí máa ń fúyẹ́ bí ìpín bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ìpín 10 tí èèyàn 130 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ àlọ-àbọ̀ 11, nǹkan bí $381 lórí ẹnì kan. Ìpín méjì péré yóò jẹ́ $519. Ìdí rèé tí àwọn olùṣètò ìrìnàjò ní Yúróòpù fi máa ń gba bàálù fún odindi sáà, tí wọn kì í gbà á fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí ọkàn àwọn alága bá ṣì wà lọ́dọ̀ èkíní, ẹ gbìyànjú láti gé òfìfo náà kúrò. Sátidé karùn-ún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àbọ̀ èèyàn 130 nìkan ni ẹ fẹ́ fi $45,000 rà níbẹ̀, $346 lórí ẹnì kan fún ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀nà kan láti Banjul sí Èkó tó kéré sí ìyẹn nínú bàálù tó ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ra àbọ̀ ìpín kẹrin níbẹ̀, kí ẹ fagi lé àlọ-àbọ̀ karùn-ún. Ohun kejì ni pé kí ẹ gba ilé-iṣẹ́ náà láyè láti ta ìrìn òfìfo méjèèjì fún ẹlòmíràn, èrò tàbí ẹrù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé iye báyìí nínú ohun tí wọ́n bá pa yóò padà sápò yín. Bí kò bá sí nínú ìwé, wọ́n á tà á, ẹ kò sì ní gbọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé kí bàálù dúró de àwọn èrò ní Banjul. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó lè bọ́ sí i. Fún ọjọ́ méje, rárá. Ẹ ó san owó ìdúró bàálù ní pápákọ̀, ẹ ó san òtẹ́ẹ̀lì àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì béèrè owó iye wákàtí kan pàtó lójúmọ́, bàálù fò o, kò fò o.

Ní ti èkejì, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ṣé ìjókòó 130 yẹn ṣeé dá padà? Irú méjì ló wà. Ọ̀kan, ẹ ti rà á tán, èèyàn jókòó síbẹ̀ tàbí kò jókòó, ẹ ó san $213,200 fún ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí 115 péré bá yọjú ní ìpín kọ̀ọ̀kan, $410 yẹn ti di $463. (Odindi bàálù yóò di $489 nígbà náà, kò sàn jù.) Irú kejì ni èyí tí ẹ lè dá padà títí di ọjọ́ kan, bóyá ọjọ́ 30 ṣáájú ìgbéra, láìsan kọ́bọ̀. Iye rẹ̀ máa ń ga díẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun ni kí ẹ mú, kódà bó bá di $425.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá owó orí tíkẹ́ẹ̀tì àti owó pápákọ̀ ìlú méjèèjì wà nínú $410, àti bóyá inú bàálù kan ṣoṣo ni 130 náà yóò wà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn máa ń pín wọn sí bàálù ọjọ́ méjì.

Epo Lẹ̀mí Bàálù

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó pọ̀ jù. Èmi fẹ́ fi ti epo kún un, torí ibẹ̀ ni owó ti máa ń yọ́ jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọwọ́ bọ̀wé.

Láti Èkó dé Banjul tó nǹkan bí kìlómítà 2,300, wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Bàálù oníjókòó 150 sábà máa ń jẹ́ Boeing 737-800 tí wọ́n pín sí kíláàsì méjì. Ó ń mu nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.5 epo ní wákàtí kan, àlọ-àbọ̀ kan kò sì ní dín ní tọ́ọ̀nù 15. Ilé-iṣẹ́ tó pe $45,000 fún yín ti gbé e ka orí iye epo kan lórí tọ́ọ̀nù. Ẹ ní kí wọ́n kọ iye náà sínú ìwé. Tí epo bá fi $100 gbówó lórí tọ́ọ̀nù kan, $1,500 ló bọ́ sórí àlọ-àbọ̀ kan, $7,500 lórí márùn-ún. Ó ju $14 lọ lórí ẹnì kan, lẹ́yìn tí ẹ ti gbowó lọ́wọ́ wọn tán.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn: iye epo tí wọ́n fi ṣírò, ọjọ́ tí wọ́n máa fi iye tuntun wéra pẹ̀lú rẹ̀ (ọjọ́ tí wọ́n rọ epo ni kó jẹ́, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́), àti ibi tí àfikún kò gbọdọ̀ kọjá. Bí epo bá wálẹ̀ ńkọ́? Kí owó padà sọ́dọ̀ yín bákan náà. Àdéhùn tó ń gòkè nìkan tí kì í sọ̀ kò dára.

Nípa oṣù Kejìlá, mo bẹ̀ yín, ẹ bá àwọn alága sọ̀rọ̀. Ìdí tí ilé-iṣẹ́ bàálù fi ń du ṣátà ni pé bàálù tó jókòó sílẹ̀ ń jẹ owó. Owó ìyálò rẹ̀ ń lọ lóṣooṣù, owó oṣù àwọn awakọ̀ òfúrufú ń lọ, ìnṣọ́ránsì ń lọ. Ẹni tí bàálù rẹ̀ kò níṣẹ́ ní Sátidé yóò gba owó èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ju iye epo, owó pápákọ̀ àti owó ojú ọ̀run (èyí tí wọ́n ń san fún ìlú tí wọ́n bá fò kọjá) lọ. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá, ta ni bàálù rẹ̀ ń jókòó? Gbogbo wọn ló ń kó èrò láti Èkó lọ sí Asaba, Enugu àti Owerri, tí ìjókòó kì í ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá pe iye tó kéré fún yín lákòókò yẹn, ẹ wá gbólóhùn tó fún un láyè láti yí wákàtí ìgbéra padà. Yóò wà níbẹ̀. Yóò kọ́kọ́ lo bàálù náà fún ọ̀nà tó ń mówó wọlé, yóò wá gbé yín lóru. Ọyẹ́ tún lè bo ojú pápákọ̀ láàárọ̀, kí bàálù àkọ́kọ́ pẹ́, kí gbogbo ti ọjọ́ náà sì pẹ́ tẹ̀ lé e.

Gambia náà kò rọrùn lákòókò yẹn. Láti 1965 tí àwọn ará Sweden ti ń fi ṣátà wá síbẹ̀ wá yá oòrùn ni oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ti jẹ́ ìgbà ọjà wọn, òtẹ́ẹ̀lì etíkun kún fún àwọn ará Yúróòpù. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n ti lọ, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa, iye òtẹ́ẹ̀lì ti wálẹ̀. Kí ẹ kàn wo ọjọ́ Hájì ọdún náà, torí ó ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé sí i lọ́dọọdún, ó sì máa ń gba bàálù lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ wa. Bí ẹ bá sì lè fi Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè rọ́pò Sátidé, ẹ ó rí ìyàtọ̀ nínú iye tí wọ́n máa pè.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ gbàgbé ti Cotonou.

Bàálù tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà kò kàn lè gbé èrò tó sanwó láti Cotonou lọ sí Banjul bó ṣe wù ú, torí ibi tó ti gbéra àti ibi tó ń lọ kò sí èyí tó jẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní láti gba àṣẹ pàtàkì lọ́wọ́ ìjọba Benin, wọn kò sì níí fẹ́ fún un. Àdéhùn Yamoussoukro ti 1999, tó ṣí ọ̀nà òfúrufú sílẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, lè ràn án lọ́wọ́ bó bá ti Èkó gbéra, tó dúró kó èrò ní Cotonou, kó tó máa lọ. Àmọ́ ìyẹn yóò mú owó pápákọ̀ kejì wá, epo ìgbéra kejì, àti nǹkan bíi wákàtí kan sí i. Ibo ni ẹ̀dínwó náà wà?

Bàálù Benin tàbí ti Gambia fúnra rẹ̀ lè gbé yín láti Cotonou láìsí wàhálà òfin. Àmọ́ èèyàn 130 jẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá mẹ́ta láti Ìkòròdú, gba Mile 12 àti Mile 2, gba ọ̀nà Àgbádárìgì títí dé Seme. Níbẹ̀, gbogbo wọn á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tẹ pásípọ́ọ̀tù lóǹtẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibí àti ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún. Ẹni kan ṣoṣo tí káàdì ibà pọ́njú rẹ̀ kò bá pé lè dá bọ́ọ̀sì dúró. Ẹ ní láti gbéra ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sùn sí Cotonou. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ ọjọ́ náà yóò jẹ èrè tí ẹ rò pé ẹ rí. Àwa tó wà nítòsí ibodè pàápàá, Ìkẹjà la máa ń darí èrò ẹlẹ́gbẹ́ sí.

Ìwé Àdéhùn, Ìkòròdú

Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó rárá, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìwé àkọ́kọ́ ni AOC, ìwé àṣẹ láti fi bàálù gbé èrò gba owó, tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, fún wọn, pẹ̀lú abala tó dárúkọ bàálù kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà ìdí bàálù tí wọ́n fẹ́ fi gbé yín, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi PNCF hàn yín, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ìwé àṣẹ ẹni tó fẹ́ fi bàálù ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ kiri ni, kò gbọdọ̀ fi gba owó lọ́wọ́ èrò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú bàálù bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì lè kọ̀ láti sanwó. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì náà, kí ẹ sì wo ọjọ́ tó máa parí.

Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ pé àwọn lè fi bàálù mìíràn rọ́pò. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí kò ní kọ ọ́, torí bàálù máa ń bàjẹ́. Ohun tí ẹ fẹ́ ni pé kí ìrọ́pò náà má dín ní ìjókòó 130, kó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí NCAA fọwọ́ sí, kí wọ́n sì sọ fún yín kí èrò tó dé pápákọ̀. Tó bá jẹ́ bàálù ìlú òkèèrè ni wọ́n yá pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè ìwé tí NCAA fi gbà á láyè.

Owó 5% tí òfin ọkọ̀ òfúrufú ti 2022 gbé lé tíkẹ́ẹ̀tì wà lórí ṣátà náà. Ẹ bi èkíní bóyá ó wà nínú $45,000. Bí kò bá sí níbẹ̀, $2,250 nìyẹn lórí àlọ-àbọ̀ kan.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò kì í kíyè sí. Lábẹ́ àdéhùn Montreal ti 1999, òfin àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ èrò bàálù, ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ ta ìrìn náà fún èrò jẹ́ agbérò níwájú òfin, bí kò tilẹ̀ ní bàálù kankan. Èrò lè pe ẹ̀yin àti ilé-iṣẹ́ bàálù lẹ́jọ́ pa pọ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ bàálù hàn lórí ìwé tí ẹ bá fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹ kọ ọ́ kedere pé aṣojú lẹ jẹ́, kí ilé-iṣẹ́ náà sì gbà láti san ohunkóhun tí ìfàsẹ́yìn tiwọn bá mú wá.

Ọmọ Ayángbúrẹn, Ìkòròdú

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti tún ìṣirò náà ṣe, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn alága. Ìbéèrè kan ló kù. Èkíní ti gbọ́ pé a ń bá èkejì sọ̀rọ̀, ó ti wálẹ̀ sí $38,000 lórí àlọ-àbọ̀ kan, bí a bá san ìdajì gbogbo owó náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Àwọn alága fẹ́ sáré gbà á.

Ọ̀nà Òfúrufú, Ẹ̀pẹ́

Ní $38,000, àlọ-àbọ̀ márùn-ún jẹ́ $190,000. Ó di $365 lórí ẹnì kan. Lórí ìwé, ó ti borí $410. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń béèrè: $95,000 lónìí, fún ìrìn tó kù oṣù mélòó kan. Ẹni tó já iye wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nítorí kó lè gba owó lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, owó lọ́wọ́ ló ń wá.

Irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Court Line ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé èrò fún olùṣètò ìrìnàjò kan tó ń jẹ́ Clarksons, tó ń ta ìsinmi ní iye tó kéré ju ti gbogbo ayé lọ. Nígbà tí Clarksons fẹ́ ṣubú ní 1973, Court Line rà á kí bàálù rẹ̀ má baà pàdánù iṣẹ́. Epo gbówó lórí lọ́dún náà, iye tí wọ́n ti tà fún èrò kò sì ṣeé yí padà. Ní oṣù Kẹjọ 1974, láàárín gbùngbùn ìsinmi, àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, àwọn èrò sì há sí òkèèrè. Monarch, ilé-iṣẹ́ bàálù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, wó ní 2 oṣù Kẹwàá 2017, Thomas Cook, olùṣètò ìrìnàjò ńlá níbẹ̀ kan náà, ní 23 oṣù Kẹsàn-án 2019, àwọn òtẹ́ẹ̀lì Gambia sì jẹ nínú ìyà ìyẹn.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ATOL, ètò tó ń dáàbò bo owó èrò. Ẹ̀yin kò ní irú rẹ̀. Owó onídùúró tí ejẹ́ńtì ń fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, ààbò àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ni, kì í ṣe ti ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ìkòròdú.

Ẹ dá wọn lóhùn báyìí: 10% nígbà tí a bá tọwọ́ bọ̀wé, kí owó àlọ-àbọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ní ọjọ́ 14 ṣáájú ìgbéra rẹ̀, kó sì wà nínú àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn títí bàálù yóò fi gbéra. Tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀ ní $38,000, ẹ mú wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Epo Lẹ̀mí Bàálù

Ọ̀kan sí i, kí n má gbàgbé. Wákàtí iṣẹ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti dé ibi iṣẹ́, kì í ṣe ìgbà tí bàálù bá gbéra. Àlọ, àbọ̀, wákàtí kan ní Banjul, wákàtí kan ìmúrasílẹ̀, ó ti ń lọ sí mẹ́sàn-án. Bí bọ́ọ̀sì yín bá há sí Mile 12 fún wákàtí mẹ́rin, àkókò wọn lè tán kí wọ́n tó lè padà, àdéhùn yóò sì kà á sí ẹ̀bi yín. Ẹ̀yin lẹ máa san owó rẹ̀.

Torí náà, bí ìgbéra bá jẹ́ aago 8 àárọ̀, kí bọ́ọ̀sì ti kúrò ní Agric, ní Ìkòròdú, ní aago 3 òru. Kí ẹ sì béèrè iye káńtà tí wọ́n máa ṣí. Èèyàn kan ń gba ìṣẹ́jú méjì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Pẹ̀lú káńtà méjì, 130 yóò gba ìṣẹ́jú 130, wọ́n sì máa ń tì í ní wákàtí kan ṣáájú ìgbéra. Ẹ kọ káńtà mẹ́rin sínú àdéhùn.